Ta Ni Ó Wà ní Ẹnu Ọ̀nà? Ìlànà Ìlera, Ààbò àti Àlejò ní Ilé-Ìwé Jẹ́lé-ó-sinmi Àwọn Júù ní London

Ẹ̀yin òbí àti alágbàtọ́ tí ẹ ń ka ìwé yìí, ìgbẹ́kẹ̀lé ńlá ni kí ènìyàn fa ọmọ ọdún mẹ́ta lé ẹni tí kì í ṣe ẹbí rẹ̀ lọ́wọ́ ní òwúrọ̀, kí ó sì yí ẹ̀yìn padà lọ sí ibi iṣẹ́. Ọmọ náà kò tíì lè ṣàlàyé ohun tí ń dùn ún. Kò mọ ẹni tí ó yẹ kí ó sá fún. Bí oúnjẹ kan bá lè pa á lára, kò mọ̀ ọ́n. Gbogbo ohun tí ọmọ náà kò lè ṣe fún ara rẹ̀ ni àwọn àgbà ilé-ìwé gbọ́dọ̀ bá a ṣe. Nítorí náà ni ó fi yẹ kí wọ́n ti jókòó ro ohun tí wọn yóò ṣe, kí wọ́n sì ti kọ ọ́ sílẹ̀, kí ọ̀ràn tó dé.

Nínú àkọsílẹ̀ yìí, a fẹ́ mú yín dé ilé-ìwé jẹ́lé-ó-sinmi àwọn Júù, tí àwa Mùsùlùmí tún ń pè ní Yahúdí, ní ìlú London. Ìdí méjì ni ó mú kí a yan ibẹ̀. Èkíní ni pé ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tí ń gbé ní agbègbè Hackney ní ìlú náà jẹ́ aládùúgbò àwọn Júù, wọ́n sì ń kọjá ní iwájú ẹnu ọ̀nà àwọn ilé-ìwé wọ̀nyí lójoojúmọ́. Èkejì ni pé ọ̀rọ̀ ẹni tí ó wà ní ẹnu ọ̀nà kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré rárá fún wọn. Ohun tí ojú wọn ti rí ni ó kọ́ wọn.

OHUN TÍ Ó MÚ KÍ ILẸ̀KÙN WÀ NÍ TÍTÌ

Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ ọdún 1999, ọkùnrin kan tí ó kórìíra àwọn Júù gbé ìbọn wọ ilé àpéjọ wọn ní Granada Hills, ní ìlú Los Angeles ní Amẹ́ríkà, níbi tí àwọn ọmọdé ti ń ṣeré ní àkókò ìsinmi. Kò sí ẹni tí ó dá a dúró. Ènìyàn márùn-ún ni ó yìnbọn bá. Mẹ́ta nínú wọn jẹ́ ọmọdékùnrin, èyí tí ó kéré jù sì jẹ́ ọmọ ọdún márùn-ún. Ọlọ́hun yọ àwọn márààrún, wọn kò kú, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kan náà ni ó pa Joseph Ileto, akólẹ́tà kan tí ìran rẹ̀ ti orílẹ̀-èdè Philippines wá. Lẹ́yìn náà ni ó hàn gbangba pé ọkùnrin náà ti kọ́kọ́ lọ wo àwọn ilé àwọn Júù mìíràn tí ó tóbi jù èyí lọ ní ìlú náà, tí ó sì kọjá wọn nítorí pé ẹ̀ṣọ́ ibẹ̀ le. Ibi tí ilẹ̀kùn ti ṣí sílẹ̀ ni ó wọ̀.

Ní ọjọ́ 19 oṣù kẹta ọdún 2012, ní ìlú Toulouse ní ilẹ̀ Faransé, ọkùnrin kan dúró sí iwájú ilé-ìwé àwọn Júù ní àkókò tí àwọn òbí ń mú ọmọ wá ní òwúrọ̀. Ó pa olùkọ́ kan, ó pa àwọn ọmọkùnrin kéékèèké méjì tí olùkọ́ náà bí, ó sì pa ọmọdébìnrin kan. Apànìyàn náà ń pe ara rẹ̀ ní Mùsùlùmí, ó sì ní nítorí ẹ̀sìn ni òun ṣe ṣe é. Kò yẹ kí a fi èyí pamọ́ fún ara wa. Ó sì yẹ kí a mọ ìyókù ọ̀rọ̀ náà pẹ̀lú. Ṣáájú ọjọ́ yẹn, ọkùnrin yìí kan náà ti pa ọmọ ogun ilẹ̀ Faransé mẹ́ta, Mùsùlùmí sì wà nínú wọn. Ẹni tí ó kọ́kọ́ pa ni Imad Ibn Ziaten. Ìyá rẹ̀, Latifa Ibn Ziaten, Mùsùlùmí obìnrin tí a bí ní Mòrókò, dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní ọdún 2012 kan náà ní orúkọ ọmọ rẹ̀. Láti ìgbà náà ni ó ti ń lọ láti ilé-ìwé dé ilé-ìwé láti bá àwọn ọ̀dọ́ sọ̀rọ̀, kí àwọn oníwà ipá má baà tún rí wọn tàn jẹ. Ní ọdún 2021 ni wọ́n fi Ẹ̀bùn Zayed fún Ìbátan Ẹ̀dá Ènìyàn dá a lọ́lá ní Abu Dhabi.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹgbẹ́ aláàánú kan wà tí a ń pè ní Community Security Trust, tí ìkékúrú rẹ̀ ń jẹ́ CST. Láti ọdún 1994 ni ó ti wà gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́ tí òfin mọ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa gba àwọn sínágọ́gù àti ilé-ìwé àwọn Júù nímọ̀ràn nípa ààbò, láti máa kọ́ àwọn tí ó yọ̀ǹda ara wọn ní iṣẹ́ ṣíṣọ́, àti láti máa ka iye ìgbà tí a bá hùwà ìkórìíra sí àwọn Júù. Ní ọdún 2023, iye tí wọ́n kà lé ní 4,000, èyí tí ó pọ̀ jù lọ sì ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí ogun bẹ́ sílẹ̀ ní Ísírẹ́lì àti Gásà ní ọjọ́ 7 oṣù kẹwàá ọdún náà. Ní oṣù kẹwàá yẹn kan náà, àwọn ilé-ìwé Júù mélòó kan ní àríwá London ti ilẹ̀kùn fún ọjọ́ mélòó kan nítorí ìbẹ̀rù. Ọmọ tí kò mọ ibi tí Gásà wà, tí kò mọ ẹni tí ń jà tàbí ìdí tí wọ́n fi ń jà, ni wọ́n ní kí ó jókòó sílé.

Ìjọba ilẹ̀ náà ti ń san owó ẹ̀ṣọ́ fún àwọn ilé-ìwé wọ̀nyí láti ọdún 2015. Ní oṣù kejì ọdún 2024, ó ṣèlérí mílíọ̀nù 18 pọ́ùn lọ́dọọdún títí di ọdún 2028. Ọdún méjì kò tíì pé lẹ́yìn ìlérí náà tí ọ̀ràn fi ṣẹlẹ̀ ní Manchester. Ní ọjọ́ 2 oṣù kẹwàá ọdún 2025, tí ó jẹ́ ọjọ́ Yom Kippur tí àwọn Júù fi ń gba ààwẹ̀, ọkùnrin kan wa ọkọ̀ kọlu àwọn ènìyàn ní iwájú sínágọ́gù Heaton Park, ó sì fa ọ̀bẹ yọ. Ọkùnrin méjì ni ó kú ní ọjọ́ náà. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó wà nínú ilé ti ilẹ̀kùn, wọ́n fi ara tì í, apànìyàn náà kò sì rí ọ̀nà wọlé bá ogunlọ́gọ̀ tí ó wà nínú.

BÍ ÀLEJÒ ṢE Ń WỌLÉ

Ẹ má ṣe rò pé àwọn Júù nìkan ni òfin ẹnu ọ̀nà de. Gbogbo ilé-ìwé jẹ́lé-ó-sinmi ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó wà lábẹ́ ìlànà kan ṣoṣo tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2008, àjọ Ofsted sì ni ó ń lọ yẹ̀ wọ́n wò. Ìlànà yìí sọ pé ilé-ìwé gbọ́dọ̀ sa gbogbo ipá rẹ̀ kí ẹni tí a kò fún láyè má baà wọlé, kí ó ní ọ̀nà tí ó fi ń mọ ẹni tí àlejò í ṣe, kí ó má sì fa ọmọ lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ àfi ẹni tí òbí ti dárúkọ. Ohun tí àwọn Júù ṣe ni pé wọ́n mú ìlànà yìí, wọ́n sì tún fi èrèdí tiwọn le e sí i.

Ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ irú ilé-ìwé bẹ́ẹ̀, báyìí ni ó ṣe ń lọ. Àlejò kì í ṣàdédé yọ. Yóò ti bá wọn sọ̀rọ̀ ṣáájú, orúkọ rẹ̀ yóò sì ti wà lọ́wọ́ ẹ̀ṣọ́. Bí ó bá dé, yóò fi káàdì tí àwòrán rẹ̀ wà lára rẹ̀ hàn. Bí ìlẹ̀kùn àkọ́kọ́ bá ṣí fún un, yóò bá ìlẹ̀kùn kejì níwájú, èyí kì í sì í ṣí àfi bí ti àkọ́kọ́ bá ti padé lẹ́yìn rẹ̀. Yóò kọ orúkọ rẹ̀, ẹni tí ó wá rí, àti agogo tí ó wọlé, sínú ìwé àlejò. Wọn yóò fi àmì àlejò kọ́ ọ lọ́rùn, òṣìṣẹ́ kan yóò sì máa bá a rìn títí yóò fi jáde, yóò sì tún kọ agogo tí ó jáde. Ìwé àlejò yìí ní ìwúlò mìíràn: bí iná bá ṣẹ́ yọ, òun ni wọn yóò fi mọ̀ bóyá ẹnikẹ́ni ṣẹ́kù sínú ilé.

Ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ náà ní òfin tirẹ̀. Ní ọdún 2009, àṣírí tú ní ìlú Plymouth pé òṣìṣẹ́ obìnrin kan ní ilé-ìwé jẹ́lé-ó-sinmi ń fi ẹ̀rọ ọwọ́ rẹ̀ ya àwòrán ìbàjẹ́ àwọn ọmọ tí a fi sí ìkáwọ́ rẹ̀. Ní òní, gbogbo irú ilé-ìwé bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ìlànà nípa lílo ẹ̀rọ ọwọ́ àti ẹ̀rọ àwòrán. Àwọn tí ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ pẹ̀lú gbọ́dọ̀ la àyẹ̀wò ìwà ọ̀daràn kọjá ní ọ̀dọ̀ àjọ ìjọba tí a ń pè ní DBS. Èyí kọ́ wa pé àlejò nìkan kọ́ ni à ń ṣọ́. Kòkòrò tí ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ni ó wà.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, kí Sábáàtì tó wọlé, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilé-ìwé wọ̀nyí máa ń pe òbí àti òbí àgbà wá bá àwọn ọmọ jẹ búrẹ́dì Sábáàtì, kí wọ́n sì bá wọn kọrin. Ìyá àgbà tí ó ti wá nígbà ogún yóò ṣì kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ bí ẹni tí wọn kò rí rí. Àwọn òbí kan tún máa ń pín ọjọ́ láàárín ara wọn láti dúró ti ẹ̀ṣọ́ ní ẹnu ọ̀nà ní òwúrọ̀, nítorí pé òbí ni ó mọ ojú òbí, òun ni yóò sì tètè mọ ojú tí ó ṣàjèjì.

Òfin kan wà nínú wọn tí ó ṣòro fún ẹni tí a kọ́ ní ẹ̀kọ́ ilé. Òbí kò gbọdọ̀ di ilẹ̀kùn mú fún ẹni tí ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ìbáà jẹ́ ẹni tí ó mọ̀. Ọmọ Yorùbá yóò ní èyí kò bá ìwà ọmọlúàbí mu, àwọn Júù náà sì mọyì àlejò láti ayé Ànábì Ibrahim. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó fẹ́ ṣe ibi mọ̀ pé ojú àánú òbí ni ọ̀nà tí ó rọrùn jù lọ láti gbà wọlé. Nítorí náà, wọ́n ti fohùn ṣọ̀kan pé kí olúkúlùkù fúnra rẹ̀ kan ìlẹ̀kùn, kí ẹnikẹ́ni má sì bínú sí ẹnìkejì.

Àwọn ọmọ náà máa ń kọ́ bí a ṣe ń sá pamọ́ bí ewu bá dé. Àwọn olùkọ́ kì í sọ fún wọn pé ẹnìkan fẹ́ pa wọ́n. Wọ́n máa ń sọ ọ́ di eré, bí ìgbà tí ọmọ bá ń ṣe bojúbojú: ẹ jẹ́ kí a wo ẹni tí yóò lè dákẹ́ jù. Ìbànújẹ́ ni pé ọmọ ọdún mẹ́rin ní láti kọ́ irú eré bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, ìbànújẹ́ yẹn kò gbọ́dọ̀ mú kí àgbà kọ̀ láti kọ́ ọ.

ÀÌSÀN ÀTI ABẸ́RẸ́ ÀJẸSÁRA

Ìlẹ̀kùn irin kò lè dá àìsàn dúró. Ìmọ̀ràn ìlera ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni pé ọmọ tí ó bá ń bì tàbí tí inú rẹ̀ ń ṣu gbọ́dọ̀ wà nílé títí wákàtí 48 yóò fi kọjá lẹ́yìn ìgbà tí ó ṣe é kẹ́yìn. Ọmọ tí ó bá ní àrùn èèyi, tí àwọn Òyìnbó ń pè ní measles, yóò wà nílé fún ọjọ́ 4 láti ọjọ́ tí ó ti sú sí i lára. Oògùn kò ṣeé fún ọmọ láìjẹ́ pé òbí kọ̀wé fọwọ́ sí i, bí wọ́n bá sì fún un, wọn yóò kọ ọ́ sílẹ̀. Ní gbogbo ìgbà tí ọmọ bá wà nínú ilé, ó kéré tán, ẹnìkan gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ tí ó kọ́ bí a ṣe ń dóòlà ẹ̀mí ọmọdé kí dókítà tó dé, ọdún mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n sì ń tún ẹ̀kọ́ náà kọ́.

Ní ti abẹ́rẹ́ àjẹsára, àwọn Júù ìlú New York rí ẹ̀kọ́ líle kọ́. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2018, ọmọ kan tí kò gba abẹ́rẹ́ àjẹsára gbé àrùn èèyi bọ̀ láti Ísírẹ́lì wá sí Brooklyn. Àwọn kan ti ń tan ìwé kiri láàárín àwọn Júù tí ó di ẹ̀sìn mú ṣinṣin pé abẹ́rẹ́ náà léwu, bẹ́ẹ̀ àwọn rábì tí ó pọ̀ jù lọ ń sọ pé kí wọ́n gbà á. Nígbà tí àrùn náà yóò fi dáwọ́ dúró ní ọdún 2019, ènìyàn 649 ni ó ti mú ní ìlú náà, ọmọdé ni ó pọ̀ jù. Ní oṣù kẹrin ọdún 2019, ìjọba ìlú kéde ọ̀ràn pàjáwìrì ní agbègbè Williamsburg, ó sì ti àwọn ilé-ìwé jẹ́lé-ó-sinmi kan pa nítorí pé wọ́n gba ọmọ tí kò gba abẹ́rẹ́ wọlé. Ní oṣù kẹfà, ìjọba ìpínlẹ̀ náà fagi lé àyè tí ó wà fún òbí láti fi ẹ̀sìn ṣe àwáwí.

Àwa Mùsùlùmí Nàìjíríà kò ní fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà. Ní ọdún 2003, irú ìfura kan náà mú kí wọ́n dá àjẹsára rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ dúró ní Kano, àrùn náà sì ti ibẹ̀ tàn dé orílẹ̀-èdè mìíràn. Ọdún 2020 ni ilẹ̀ Áfíríkà tó gba ìwé ẹ̀rí pé ẹ̀yà àrùn náà tí ó ti wà láti ìbẹ̀rẹ̀ ti kúrò.

OÚNJẸ: ÈÈWỌ̀ Ẹ̀SÌN ÀTI ÈÈWỌ̀ ARA

Bí àwa ṣe ń wá halal ni àwọn Júù ń wá kosher. Wọn kì í jẹ ẹran ẹlẹ́dẹ̀, wọn kì í sì í da ẹran pọ̀ mọ́ wàrà. Nítorí náà, bí òbí bá fẹ́ mú àkàrà òyìnbó wá fún ọjọ́ ìbí ọmọ rẹ̀, ọ̀pọ̀ ilé-ìwé ní kí ó rà á ní ilé ìtajà tí àwọn rábì fọwọ́ sí, kí àmì náà sì wà lára páálí rẹ̀. Èyí ń ran ìlera lọ́wọ́ pẹ̀lú, nítorí pé ohun tí a fi ṣe é yóò wà ní kíkọ sára páálí fún olùkọ́ láti kà.

Ṣùgbọ́n ẹ fara balẹ̀ níbí. Àmì ẹ̀sìn kì í ṣe àmì ìlera. Oúnjẹ tí wọ́n kọ sí lára pé kò ní ẹran, kò sì ní wàrà, lè bá ẹ̀rọ tí wọ́n fi ṣe ohun oníwàrà pàdé, kí díẹ̀ sì ṣẹ́kù sínú rẹ̀. Òfin ẹ̀sìn lè gbà á, kí ara ọmọ tí kò gba wàrà sì kọ̀ ọ́. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni halal rí. Ẹran halal tí a kò tọ́jú dáadáa lè fa inú rírun.

Ní ti ẹ̀pà, àwọn ọmọ Júù ni ó la ojú gbogbo ayé. Ní ọdún 2008, àwọn onímọ̀ tẹ ìwádìí kan jáde tí wọ́n fi wé àwọn ọmọ Júù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pọ̀ mọ́ àwọn ti Ísírẹ́lì. Nínú ọmọ 100 ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 2 tí ara wọn kọ ẹ̀pà. Ní Ísírẹ́lì, nínú ọmọ 1,000 pàápàá, kò pé 2. Ìran kan náà ni wọ́n. Ohun tí ó yàtọ̀ ni pé àwọn ọmọ Ísírẹ́lì ti ń jẹ ìpanu ẹlẹ́pà láti ìgbà tí wọ́n ti wà ní ìkókó, nígbà tí wọ́n ń sọ fún àwọn òbí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé kí wọ́n má fún ọmọ ní ẹ̀pà. Àwọn dókítà ní London wá gba ìkókó 640 tí ó súnmọ́ ewu náà, wọ́n sì pín wọn sí ọ̀nà méjì. Nígbà tí èsì jáde ní ọdún 2015, ó hàn pé fífún ọmọ ní ẹ̀pà ní kékeré dín ewu náà kù ní nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún. Ẹ kíyè sí i pé ẹ̀pà lílọ̀ ni à ń wí. Odidi ẹ̀pà lè há ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún lọ́fun, ọmọ tí ara rẹ̀ bá sì ń yún tí ó ń bó gidigidi, dókítà ni kí òbí kọ́kọ́ bi.

Láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, ìlànà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti sọ ọ́ di dandan pé bí ọmọ bá ń jẹun, ẹni tí ó mọ ìdóòlà ẹ̀mí ọmọdé gbọ́dọ̀ wà nínú yàrá náà. Bí ó bá sì di ọ̀rọ̀ ẹ̀mí, òfin àwọn Júù kò fa ọ̀rọ̀ gùn. Ìdóòlà ẹ̀mí, tí wọ́n ń pè ní pikuach nefesh, borí òfin Sábáàtì: a lè wa ọkọ̀, a lè tẹ ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀. Ẹni tí ó bá mọ Al-Kùránì yóò rántí pé ẹsẹ 32 nínú Súrátù Al-Máídà so ọ̀rọ̀ iyì ẹ̀mí kan ṣoṣo pọ̀ mọ́ àwọn ọmọ Ísírẹ́lì gan-an.

ALÁDÙÚGBÒ NÍ STAMFORD HILL

Ní Stamford Hill, ní àríwá Hackney, mọ́sálásí àti sínágọ́gù kò jìnnà sí ara wọn. Ní ọdún 2013, lẹ́yìn tí wọ́n pa ọmọ ogun kan ní Woolwich tí inú sì ń bí àwọn ènìyàn sí Mùsùlùmí, ẹgbẹ́ ọlọ́dẹ àwọn Júù tí ń jẹ́ Shomrim gbà láti máa bá àwọn Mùsùlùmí àdúgbò náà ṣọ́ mọ́sálásí wọn. CST pẹ̀lú ti fi ìmọ̀ rẹ̀ ran ẹgbẹ́ Tell MAMA, tí ń ka ìwà ìkórìíra sí Mùsùlùmí, lọ́wọ́. Ní òní, ìjọba ilẹ̀ náà ń náwó sórí ààbò mọ́sálásí àti ilé-ìwé Mùsùlùmí pẹ̀lú. Ìbẹ̀rù tí ó wà ní ẹnu ọ̀nà kan ti dé ẹnu ọ̀nà kejì.

ÌBÉÈRÈ TÍ ÒBÍ LÈ BÉÈRÈ

Kò pọn dandan kí ilé-ìwé ní ìlẹ̀kùn irin méjì kí ó tó lè ṣọ́ ọmọ. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024, wọ́n jí àwọn ọmọ ilé-ìwé àti àwọn olùkọ́ wọn gbé nínú bọ́ọ̀sì ní Ẹmùrẹ́-Èkìtì, nítorí náà ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí ilé wa. Ìwé, kálámù àti ìfohùnṣọ̀kan ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Bí ẹ bá dé ilé-ìwé ọmọ yín, ẹ bi wọ́n léèrè pé:

Ta ni ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ pé ó lè wá mú ọmọ mi? Bí àbúrò mi tí ẹ kò mọ̀ bá wá, kí ni ẹ ó ṣe? Níbo ni ìwé àlejò wà, ta ni ó sì kọ sínú rẹ̀ kẹ́yìn? Àwọn wo nínú yín ni ó mọ ohun tí a ń ṣe bí oúnjẹ bá há ọmọ lọ́fun? Ǹjẹ́ ẹ mọ ohun tí ara ọmọ mi kọ̀? Bí ọmọ mi kò bá wá ní òwúrọ̀, ta ni yóò pè mí?

Bí olùkọ́ bá sì ní kí ẹ dúró ní ẹnu ọ̀nà kí òun kọ́kọ́ wo orúkọ yín, ẹ má ṣe bínú, ẹ má sì sọ pé ṣé kò mọ̀ yín ni. Ọmọ yín ni ó ń ṣọ́. Kí Ọlọ́hun bá wa dá àwọn ọmọ wa sí, àti ti aládùúgbò wa. Àmín.